Kí A Tó Pààrọ̀ Hítà, Ẹ Jẹ́ Ká Kọ́kọ́ Bi Omi Léèrè

Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oríkì tàbí ìtàn àròsọ la gbé wá. Ọ̀rọ̀ hítà ni, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná ní balùwẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lé wa jáde nílé, ó sì jẹ́ ká mọ̀ pé èdè tí a ń kọ́ ní kíláàsì lè gba owó ẹni lọ́wọ́ òfò.

Àwa mẹ́rin la jọ ń gbé nínú fúláàtì kan ní Bajulaiye, ní Ṣómólú. Ibẹ̀ ò jìnnà sí ọgbà Yunifásítì ní Akọka, ìdí nìyẹn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi pọ̀ níbẹ̀. Fúláàtì mẹ́fà ló wà nínú ilé náà. Bọ́hòòlù kan ṣoṣo ló ń fún gbogbo wa lómi, tí ẹ̀rọ á fà á lọ sínú táǹkì lókè, tí yóò sì máa sọ̀ kalẹ̀ wá sí fúláàtì kọ̀ọ̀kan. Lańlọ́ọ̀dù wa fi hítà sí gbogbo balùwẹ̀ nígbà tó kọ́lé. Àjẹ́ńtì tó mú wa wọlé kò sì jẹ́ ká gbàgbé rẹ̀: hítà wà lára ohun tó fi ní owó ilé gbọ́dọ̀ ga.

Láàárín ọdún méjì, hítà wa bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ìgbà àkọ́kọ́, irin tó ń gbóná nínú rẹ̀, tí àwọn oníná ń pè ní élímẹ́ǹtì, ló jóná. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́jọ tí òmíràn tún fi jóná. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ikùn hítà fúnra rẹ̀ ló lu, omi sì ń kán tó, tó, tó lára ògiri. Ní gbogbo ìgbà tí a bá pe ẹni tó ń tún un ṣe, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ: “Omi yín le.” Yóò gbowó, yóò sì lọ.

Lẹ́yìn ti ẹ̀ẹ̀kẹta ni lańlọ́ọ̀dù kọ ìwé sí wa. Ó ní àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń lo hítà nílòkulò, pé a máa ń fi sílẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ó ní ká ra tuntun kí oṣù tó parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun ò ní dá owó kọ́ṣọ̀n wa padà, òun ò sì ní gba owó ilé ọdún tó ń bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ẹni tó bá ti wá ilé rí ní Ṣómólú tàbí Bàrígà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: owó àjẹ́ńtì, owó àdéhùn, owó kọ́ṣọ̀n tuntun, àti ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí èèyàn á fi máa sùn lórí ilẹ̀ ọ̀rẹ́, nígbà tí ìdánwò ń kanlẹ̀kùn.

Àwọn kan lè béèrè pé, kí lẹ fẹ́ fi omi gbígbóná ṣe ní Èkó tí oòrùn ń pa èèyàn? Ẹ wá wo ilé wa ní oṣù keje, nígbà tí òjò bá rọ̀ mọ́jú. Ẹ wo Màmá tó ń gbé nísàlẹ̀, tí orúnkún wọn kì í jẹ́ kí wọ́n dìde láìfi omi gbígbóná rẹ̀ ẹ́ láàárọ̀. Ẹ wo ìyàwó ilé tó bímọ nínú fúláàtì kejì lóṣù tó kọjá, tí ìyá ọkọ rẹ̀ ò jẹ́ fi ìwẹ̀ omi gbígbóná ìyá ọlọ́mọ tuntun ṣeré. Hítà tiwọn náà ti ń hùwà bíi tiwa. Gáàsì ni wọ́n fi ń se omi báyìí, iye tí gáàsì sì ń gbà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àlàyé.

Ohun tó kọ́kọ́ dá àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá dúró ni gbólóhùn yẹn: omi yín le. Báwo ni omi ṣe ń le? Òkúta ló ń le, ẹ̀kọ ló ń le. A bi Màmá ìsàlẹ̀ léèrè. Wọ́n ní, “Níbi tí wọ́n bí mi sí, a kì í sọ pé omi le. À ń sọ pé ọṣẹ ò hó nínú ẹ̀. Bí ọṣẹ ò bá hó nínú omi kànga, ẹ gbé agbada síta, kẹ́ ẹ gbe omi òjò, ọṣẹ á hó yaya.” Wọ́n ò lọ sí yàrá àyẹ̀wò kankan rí, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ yìí gan-an ni ìwé sáyẹ́ǹsì sọ.

Omi tí àwọn onímọ̀ ń pè ní omi líle ni omi tí kálísíọ̀mù àti magnesium ti yọ́ sínú rẹ̀ púpọ̀. Ó máa ń kó wọn nígbà tó bá ń gba inú òkúta ẹfun kọjá lábẹ́ ilẹ̀. Ọṣẹ á kọ́kọ́ bá àwọn nǹkan wọ̀nyí dì pọ̀ di ìdọ̀tí funfun kó tó ráyè hó. Bí omi bẹ́ẹ̀ bá sì gbóná, ẹfun tó yọ́ sínú rẹ̀ á tún padà di òkúta, á lẹ̀ mọ́ ara irin tó ń gbóná bí èépá ṣe ń bo ojú egbò. Irin náà á máa gbóná lábẹ́ èépá, ooru rẹ̀ ò ní ráyè dé inú omi, títí tí yóò fi jó ara rẹ̀. Bí omi líle ṣe ń pa hítà nìyẹn.

Irú omi bẹ́ẹ̀ wà nílẹ̀ wa lóòótọ́. Òkúta ẹfun ló mú kí wọ́n dá ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ ní Ewékorò ní 1960, tí wọ́n sì tún dá òmíràn sílẹ̀ ní Ṣàgámù ní 1978, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ó tún wà níbi tí ọ̀pọ̀ ará wa sá lọ. Omi London le gan-an, torí abẹ́ ilẹ̀ ẹfun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wa tó wà ní Peckham fi fídíò inú kẹ́tùlù rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa: funfun báláú, bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun kùn ún. Fínígà ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ lọ́hùn-ún. Ó ní ká da fínígà sínú hítà tiwa náà.

Ṣùgbọ́n a fẹ́ mọ̀ bóyá àìsàn kan náà ló ń ṣe hítà Peckham àti hítà Bajulaiye. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bí omi bá jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, gbogbo rẹ̀ ló mọ́ gaara lójú.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, a ṣe àyẹ̀wò mẹ́ta. Kò ná wa ju owó ọsàn wẹ́wẹ́ lọ.

Èkíní ni ti Màmá. A bu omi òjò sínú ìgò kan, a bu omi bọ́hòòlù ilé wa sínú ìgò kejì, a gé ọṣẹ tó dọ́gba sínú méjèèjì, a sì mì wọ́n. Ọṣẹ hó nínú méjèèjì. Bí omi wa bá le ni, èyí tó wà nínú ìgò kejì ìbá kọ̀ láti hó.

Èkejì, a fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ara èépá tó wà nísàlẹ̀ kẹ́tùlù wa. Ká lè mọ bí ẹfun ṣe ń ṣe, a tún fún un sórí èèpo ẹyin, torí ẹfun kan náà ni Ọlọ́run fi mọ èèpo ẹyin. Èèpo ẹyin hó, ó ń rú èéfọ́ọ́fọ́ wẹ́wẹ́. Èépá kẹ́tùlù wa ò hó rárá. Tí ẹ bá sì wò ó dáadáa, kì í ṣe funfun. Ó pọ́n bí ilẹ̀ Ìkòròdú.

Ẹ̀kẹta, a pọn omi tuntun láti bọ́hòòlù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun lálẹ́. Ó mọ́ bíi dígí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti pọ́n díẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ aláwọ̀ ìpáàrà sì ti sùn sísàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe ṣe ẹlẹ́rìí fún wa. Omi tó wà lórí iná ń hó, ọṣẹ ń hó, ẹfun tí ọsàn bà lára náà ń hó. Ọṣẹ hó, ẹfun ò sí láti hó. Omi wa kò le. Irin ló wà nínú rẹ̀.

Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu. Iyanrìn àti amọ̀ ni abẹ́ ilẹ̀ Èkó níbi tí ọ̀pọ̀ bọ́hòòlù ń dé, kì í ṣe òkúta ẹfun. Omi tó bá gba inú iyanrìn bẹ́ẹ̀ kọjá sábà máa ń rọ̀, ó sábà máa ń kan díẹ̀, ó sì sábà máa ń ru irin. Irin tó yọ́ sínú omi kì í hàn sójú nígbà tó bá ń jáde lábẹ́ ilẹ̀. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i ló ń di ìpáàrà. Ohun tó ń ba aṣọ funfun yín jẹ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ tán nìyẹn, ẹ yéé bá ọṣẹ jà. Ní apá ibi tó sún mọ́ ọ̀sà ní Bàrígà, ìṣòro mìíràn lè wà: a lọ kí ọ̀rẹ́ wa kan níbẹ̀, omi kànga wọn ní iyọ̀ lẹ́nu. Omi iyọ̀ náà kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó dáadáa, nítorí náà ẹ tọ́ ọ wò díẹ̀ kẹ́ ẹ tó pè é ní omi líle.

A wá ní kí púlọ́ńbà tú hítà tó lu náà palẹ̀ lójú wa. Ẹrẹ̀ pupa ló kún ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó bo élímẹ́ǹtì mọ́lẹ̀. Nítorí náà ló fi ń jóná: ẹrẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí ẹfun ń ṣe ní Peckham. Lẹ́yìn náà ló fa ọ̀pá tín-ín-rín kan yọ, tó kù bí egungun ẹja. Ó ní ọ̀pá magnesium nìyẹn, pé òun kì í sábà rí ẹni tó bèèrè rẹ̀.

Ọ̀pá yìí ló dùn mọ́ wa jù. Wọ́n fi í sínú hítà kó lè máa kú dípò ikùn rẹ̀. Omi tó bá fẹ́ jẹ irin á kọ́kọ́ jẹ magnesium, torí òun ló rọrùn fún un láti jẹ. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fún un lédè tiwọn fi í wé ohun tí wọ́n fi rúbọ; àwa gbà pé arọ́pò ló yẹ ẹ́ jù. Nígbà tí arọ́pò bá tán, ikùn hítà ló kàn. Omi kíkan àti omi iyọ̀ sì máa ń jẹ ẹ́ yára. Kò sẹ́ni tó wò ó láti ìgbà tí wọ́n ti gbé hítà náà kọ́ sí ògiri.

Ó wá ku bí a ó ṣe sọ ọ́ fún lańlọ́ọ̀dù. Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ ọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. A ò kọ ìwé padà, torí ìwé lè dà bí ẹjọ́. A lọ bá wọn nílé, àwọn ọkùnrin inú wa dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin kúnlẹ̀. A gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun náà dání, a sì gbé ọ̀pá tó kù bí egungun dání.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo omi yìí.”

“Kí ló ṣe é?”

“Bọ́hòòlù wa ni, sà. A pọn ọ́n lálẹ́ àná.”

Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ fẹ́ fi ìwé tẹ́ ẹ kà kọ́ mi nílé tí mo fowó mi kọ́ ni?”

A ní rárá o. A ní tí a bá ra hítà tuntun lónìí, omi yìí á tún pa á, tí ayálégbé mìíràn bá sì wọlé lẹ́yìn wa, á tún pa tiẹ̀. A ní kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ìyá ọlọ́mọ tuntun. Màmá ìsàlẹ̀, tí a ò bẹ̀ níṣẹ́, ti bá wa sọ tiwọn lórí fóònù ṣáájú.

Bàbá ò sọ pé a jàre. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn á ra hítà, àwa la ó sanwó ẹni tó máa gbé e kọ́, àwa la ó sì máa ra ọ̀pá arọ́pò lọ́dọọdún. Ní ti omi, wọ́n ní kí gbogbo ilé dáwó. Ìpàdé ti wáyé lẹ́ẹ̀mejì lórí ìyẹn. Fúláàtì mẹ́rin ti dá tiwọn, méjì ṣì ń sọ pé àwọn ò lo hítà. A ò tíì lé wọn bá, ṣùgbọ́n aṣọ funfun tiwọn náà ń pọ́n.

Ohun tí a fẹ́ ṣe sí omi náà kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Kí omi tó dé táǹkì, ó máa gba páìpù tí a dá lu wẹ́wẹ́, kó lè máa rọ̀ bí òjò, kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i. Irin á di ìpáàrà níbẹ̀, á sùn sísàlẹ̀ táǹkì kìíní, àsẹ́ oníyanrìn á sì mú èyí tó kù kó tó dé táǹkì kejì. Àwọn mìíràn tún máa ń da òkúta ẹfun wẹ́wẹ́ sínú àsẹ́ kó lè gba ìkan kúrò lára omi. Ẹ ò rí nǹkan: ẹfun tó ń pa hítà ní London lè jẹ́ oògùn fún omi Èkó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní hítà nílé, ohun tí púlọ́ńbà náà kọ́ wa nìyí. Ẹ pa iná rẹ̀ pátápátá, kí omi inú rẹ̀ tutù, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Níbi tí ẹrẹ̀ pọ̀ sí, ẹ máa tú omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ dànù lóṣù mẹ́fà mẹ́fà títí tí yóò fi mọ́. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ wo ọ̀pá arọ́pò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bí ọsàn wẹ́wẹ́ bá hó lára èépá yín, fínígà lè fọ élímẹ́ǹtì tí a ti yọ síta; bí kò bá hó, omi ni kẹ́ ẹ fi fọ ẹrẹ̀ dànù. Ẹ má tan hítà nígbà tí táǹkì òkè bá gbẹ, torí élímẹ́ǹtì tí omi ò bò á jóná ní kíákíá. Fáàfù kékeré tó máa ń kán omi nígbà tí hítà bá gbóná, ẹ má ṣe dí i. Òun ló ń gba agbára tó pọ̀ jù jáde. Bí ẹ bá dí i, hítà lè bú gbàmù.

Ẹ̀yin tó jẹ́ bọ́ílìn ríìnì lẹ̀ ń lò ní họ́sítẹ̀lì, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má ti ọwọ́ bọ omi láti mọ̀ bóyá ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí ó ṣì wà lójú iná. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára ògiri ná. Ẹ má lò ó nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì onírin, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn. Iná tó wà nínú omi kì í kìlọ̀ kó tó gbé èèyàn.

Ní ti owó iná, a ṣírò rẹ̀ torí ẹ̀sùn ìlòkulò tí wọ́n fi kàn wá. Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan tó gba lítà 20, tí a mú kúrò ní 27°C dé 42°C, kò jẹ ju nǹkan bí 0.35 yúníìtì lọ. Hítà lítà 50 tí a mú dé 60°C ń jẹ tó 1.9. Ní náírà 225 fún yúníìtì kan, bí wọ́n ṣe gbé e lé orí àwọn tó wà ní Band A ní oṣù kẹrin 2024, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan jẹ́ bíi náírà 79, hítà kíkún lé ní náírà 430. Ta ni akẹ́kọ̀ọ́ tó máa fi ìyẹn sílẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́?

Ohun kan ṣì ń dùn wá. Láti 1915 ni ilé iṣẹ́ omi Ìjú ti ń fa omi fún Èkó, Àdìyàn sì tẹ̀ lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ omi ìjọba ò kan ilé wa. Onílé kọ̀ọ̀kan ló ń gbẹ́ tiẹ̀, ẹni tí kò bá gbẹ́ á ra ti mẹ́ruwà. Ìlànà orílẹ̀-èdè wa fún omi mímu tó jáde ní 2007 sọ pé irin ò gbọ́dọ̀ ju 0.3 mílígíráàmù lọ nínú lítà kan, líle omi ò sì gbọ́dọ̀ ju 150. Ìlànà náà dára. Àmọ́ ilé tó ń pọn omi ara rẹ̀ ti di ilé iṣẹ́ omi láìní òṣìṣẹ́ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tó bá wá tún hítà ṣe nìkan ló sì ń sọ irú omi tó jẹ́. Tí ọ̀rọ̀ tó sọ bá ṣì, owó àwọn ayálégbé ló ń tẹ̀ lé e.

Nítorí náà, ẹ bá wa ṣe àyẹ̀wò mẹ́ta yìí níbi tẹ́ ẹ wà, ìbáà jẹ́ Ìwọ́rọ̀ Road, Ewékorò tàbí Peckham, kẹ́ ẹ sì kọ ohun tẹ́ ẹ bá rí ránṣẹ́ sí wa. Ẹ fi ohun tí wọ́n ń pe irú omi bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ka èdè yín kún un. A ti ní “ọṣẹ ò hó” láti ẹnu Màmá ìsàlẹ̀. Ó dá wa lójú pé àwọn ìyá mìíràn ní tiwọn.